Owó Ìwọlé Kọ́ Ló Ń Gbówó: Ìgbafẹ́ Ìdílé ní Ìbàdàn pẹ̀lú ₦10,000, ₦40,000 àti ₦150,000

Ìbéèrè: Akọ́bọ̀ ní Ìbàdàn là ń gbé. Àwa mẹ́fà ni: èmi, ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta (ọdún 4, 8 àti 13), àti ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń dà láàmú. Láwọn oṣù kan, ₦10,000 la lè yọ sọ́tọ̀ fún ìgbafẹ́. Nígbà mìíràn ó lè tó ₦40,000, tó bá sì di ìparí ọdún, ₦150,000. Ìgbàkígbà tá a bá jáde, owó máa ń tán kí aago 12 tó lù, ẹkún la sì fi ń bọ̀ wálé. Níbo la lè lọ, báwo la ó sì ṣe ṣe é?

Ìdáhùn: Kí á tó dárúkọ ibì kankan, ẹ jẹ́ ká ka àyè ìjókòó inú ọkọ̀. Ẹ̀yin mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 4 lè jókòó lórí itan, nítorí náà owó ẹni márùn-ún lẹ ó san. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ méjì lẹ ó wọ̀ débẹ̀, méjì náà lẹ ó wọ̀ padà. Owó ọkọ̀ ogún ọ̀nà nìyẹn. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦300, ₦6,000 ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó fi omi kan ẹnu. Ohun tó ń jẹ owó yín nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń béèrè iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì, tí wọ́n bá sì gbọ́ ọ, wọ́n á ní ibẹ̀ wọ́n. Owó géètì kì í sábà wọ́n ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ ló wọ́n, ẹnu ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni gbogbo nǹkan kéékèèké tí wọ́n ń tà fún ọmọdé lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé tán.

Nítorí náà, kí ẹ tó tilẹ̀kùn ilé, ẹ ka owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ jáde, kí ẹ sì fi sínú àpò tó yàtọ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà ló dára jù kó wà, torí pé kì í ra áísìkiríìmù, ẹnu ọmọ kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀ láàárọ̀, ₦500 níjọ́ tí owó kéré, kí ẹ sì sọ fún wọn pé tó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Ọmọ tó di owó rẹ̀ mọ́wọ́ máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ná an. Èyí tí màmá ń ná fún kì í rò ó rárá. Owó kéékèèké ni kí ẹ mú dání, ₦100 àti ₦200, nítorí ṣéńjì kì í sí lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà lẹ́nu géètì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS sì lè kọ̀ nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ omi àti oúnjẹ. Àpò píọ̀ wọ́tà kan ní ọ̀rá ogún nínú, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdajì lítà. Ẹni mẹ́fà tó jáde láti aago 8 sí aago 2 nínú oòrùn á mu tó méjìlá. Ẹ gbé mẹ́fà sínú fírísà lálẹ́ kó di yìnyín, kí ẹ sì kó mẹ́fà yòókù tì í nínú kúlà láàárọ̀. Èyí tó dì á máa mú èyí tí kò dì tutù, yóò sì yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sán, ẹ ò ní ra omi rárá. Kúlà omi àti kúlà oúnjẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà o. Fún oúnjẹ, ìdajì kóńgò ìrẹsì ti tó yín. Ẹ sè é láàárọ̀ ọjọ́ náà, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ dà á gbígbóná sínú kúlà, ẹ dé e pa, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán kí aago 12 tó lù. Ìrẹsì tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀ lè da inú rú bí kò tilẹ̀ rùn. Mọ́ínmọ́ín tètè ń kan nínú ooru, sàláàdì tó ní máyónéésì burú jù ú lọ. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. Dùndú, ẹyin sísè tí ẹ ò tíì bó, adìẹ díndín, ẹ̀pà àti gúgúrú kì í dójú tini.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò. Láti nǹkan bí oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá, òjò Ìbàdàn fẹ́ràn ọ̀sán ju àárọ̀ lọ, ọmọ ọdún 4 yín náà á sì ti máa wá ibi tó máa sùn sí lẹ́yìn aago 1. Ẹ jáde ní aago 8, kí ẹ sì ti wà lójú ọ̀nà ilé ní aago 2. Ibì kan péré lójúmọ́. Ìdílé tó bá fẹ́ rí ibi mẹ́ta lọ́jọ́ kan, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti máa lo ọjọ́ náà.

Níjọ́ ₦10,000

Ẹ pín in báyìí: ọkọ̀ ₦6,000, owó ìwọlé tàbí ti ẹni tó máa mú yín yíká ₦1,500, owó ọwọ́ àwọn ọmọ ₦1,500, kí ₦1,000 sì sùn sílẹ̀ de òjò. Oúnjẹ inú kúlà, owó ọbẹ̀ ilé ló máa gbé e.

Láyípo ni kí ẹ lọ, ní Òkè Ààrẹ. Ó yani lẹ́nu bí ọmọ Ìbàdàn ṣe pọ̀ tó tí kò gun ibẹ̀ rí. Ilé gogoro ni, wọ́n kọ́ ọ ní 1936 ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, òyìnbó àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe Rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn aṣojú wọn, sí Ìbàdàn. Bower yìí kan náà ló rọ̀jò ìbọn ńlá lé ìlú Ọ̀yọ́ lórí ní 1895, nítorí náà tí ọmọ ọdún 13 yín bá béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ́lé ìrántí fún un, ìbéèrè gidi ló béèrè. Àwọn ará ìlú ò kúkú ka orúkọ òyìnbó náà sí. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po bí ẹni ń yí ìgbín, ìyẹn ni wọ́n fi pè é ní Láyípo.

Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n máa ń kà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún 8 kà á fúnra rẹ̀ bóyá ó pé. Inú rẹ̀ há, kò sì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àgbà kan á wà níwájú, èkejì lẹ́yìn, ọmọ ọdún 4 á wà láàárín wọn. Ìyá àgbà kò gbọ́dọ̀ gùn ún. Sísọ̀kalẹ̀ ló ń ni orúnkún lára ju gígùn lọ, àtẹ̀gùn tó ń yí po sì tún burú fún un ju èyí tó lọ tààrà lọ. Ẹ gbé àga kékeré tó ṣeé ká dání, kí ó jókòó sí ibòji nísàlẹ̀ pẹ̀lú kúlà.

Lókè, Ìbàdàn á tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú yín, pánù tó ti dípẹtà láti òkè dé òkè. Ẹ má kàn dúró kí ẹ máa wò. Ẹ fún àwọn ọmọ ní nǹkan tí wọ́n máa wá: òpó Gbọ̀ngàn Màpó, Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ (àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n parí rẹ̀ ní 1965), ilé ìjọsìn tó ga jù, òkè tó jìnnà jù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí mẹ́rin ló máa yan ẹran adìẹ rẹ̀ ṣáájú. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń bo ojú ìlú, ẹ ò ní rí Dùgbẹ̀ dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá, ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, ni ojú ọ̀run mọ́ jù.

Láti ibẹ̀ ẹ lè kọjá sí Màpó, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 lórí òkè tó yọrí sí Bẹẹrẹ. Ọjọ́ Sátidé, ayẹyẹ sábà máa ń wà nínú rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọlé. Ìta nìkan náà tó wò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rẹ ọmọ, ẹ fi Màpó sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, kò ní sá lọ.

Níjọ́ ₦40,000

Ọkọ̀ ₦12,000, ìwọlé àti eré ₦12,000, oúnjẹ ₦10,000, kí ₦6,000 wà nílẹ̀. Níbí lẹ ti lè ṣátà ọkọ̀ lọ, kí ẹ wọ ọkọ̀ èrò bọ̀, tàbí kí ẹ yí i padà. Tó bá jẹ́ ọ̀kan lẹ lè ṣátà, ti ìpadàbọ̀ ni kí ẹ ṣátà: ní aago 2, pẹ̀lú ọmọ tó ń sùn àti orúnkún tó ń ro, kò sí ohun tí owó lè rà tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Micra kan ò sì lè gba ẹ̀yin mẹ́fà tán pẹ̀lú dírẹ́bà àti kúlà méjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín.

Ibi méjì ló wà láti yàn nínú: ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, àti Ọgbà Àgọ́dì. Ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ọgbà ẹranko Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ọdún tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ń kó ẹranko sí fún ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá, ó sì di ọgbà gidi fún gbogbo ènìyàn ní 1974. Àwọn tó ti dàgbà ní ìlú yìí ṣì ń rántí Aruna àti Imade, ìnàkí méjì tí gbogbo ọmọ iléèwé ń lọ wò láyé ìjọ́hun; ó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà yín ní ìtàn tirẹ̀ nípa wọn, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fáwọn ọmọ. Ohun tó ń ba ìrìn yìí jẹ́ ni àkókò. Nínú oòrùn ọ̀sán, àwọn ẹranko ńlá á sùn sí ibòji, ìrù nìkan lẹ ó rí, ọmọ á wá máa kígbe pé kí kìnnìún dìde. Kí ẹ ti wà lẹ́nu géètì bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ọ̀sẹ̀ tí iléèwé fẹ́ parí sáà kò dára, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé á kún ibẹ̀. Iléyá àti ọjọ́ kejì Kérésì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fún ẹranko ní nǹkan jẹ, kí ẹ sì di ọ̀rá gúgúrú ọmọ kékeré mú, nítorí ọ̀rá tó bá bọ́ sínú àhámọ́, ẹranko lè gbé e mì.

Àgọ́dì yàtọ̀. Koríko àti igi ló wà níbẹ̀, adágún omi, ibi ìṣeré ọmọdé àti omi ìwẹ̀. Odò Ògùnpa ló kún bò ó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tó gbá ọ̀pọ̀ nǹkan inú rẹ̀ lọ, kí wọ́n tó wá tún un ṣe láìpẹ́ sí ìgbà yìí. Ìyá àgbà á fẹ́ràn ibẹ̀ torí ilẹ̀ tẹ́jú, ibòji sì pọ̀. Àmọ́ owó ìwọlé kò kó gbogbo nǹkan mọ́ra: omi ìwẹ̀ lọ́tọ̀, eré lọ́tọ̀. Lẹ́nu géètì ni kí ẹ ti béèrè nǹkan mẹ́ta: kí ni tíkẹ́ẹ̀tì yìí kó mọ́ra, ọmọ ọdún mélòó ló ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé ẹ lè gbé kúlà wọlé àbí wọ́n máa gba owó lórí rẹ̀? Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ káàkiri ló máa ń fẹ́ kí ènìyàn ra oúnjẹ inú, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gbé ìrẹsì dé ẹnu ọ̀nà.

Bí àwọn ọmọ bá máa wẹ̀, aṣọ ìwẹ̀ gidi ni kí wọ́n wọ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ìwẹ̀ kì í gba kọ́tìnì, ìdí sì wà fún un: kọ́tìnì máa ń mu omi, á wúwo lára ọmọ, á máa fà á wálẹ̀. Ọmọ ọdún 4 kò gbọdọ̀ ju ibi tí ọwọ́ àgbà lè nà dé lọ, kódà níbi tí omi kò jìn, àgbà náà kò sì gbọ́dọ̀ di fóònù mú. Tí àrá bá sán, gbogbo yín ẹ jáde kúrò nínú omi. Ẹ ṣe oúnjẹ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ tó jáde nínú omi, nítorí ebi omi kì í gbọ́ dúró ná. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n bá fi dúró de oúnjẹ ni owó yín máa ń bá mítípáì lọ.

₦10,000 oúnjẹ yẹn lè gbé gbogbo yín dé ìsọ̀ àmàlà. Ẹ dé ibẹ̀ kí aago 12 tó lù kí èrò tó kún. Àmàlà kò gbówó lórí, gbẹ̀gìrì àti ewédú kò gbówó lórí. Ẹran ló ń gbé e. Ẹ béèrè owó ẹran kí wọ́n tó bù ú, torí bí ó ṣe tóbi ni wọ́n ń tà á, ẹni tó ń bù ú á sì rí i pé ebi ń pa yín. Pọ̀nmọ́ fún àwọn ọmọ, ẹran gidi fún àwọn àgbà, ẹ ò ní ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ibi kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé àlejò ń wọ̀: IITA, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lórí ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà. Igbó tí wọn kò gé wà nínú rẹ̀, ẹ̀ga kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ibadan malimbe, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín. Ẹ gbọ́dọ̀ kàn sí wọn ṣáájú. Ẹni tó bá kàn yọ sí géètì, wọ́n á dá a padà. Kò tíì yá fún ọmọ ọdún 4, torí ẹyẹ kì í dúró de ariwo. Bàbá àti ọmọ ọdún 13 nìkan ni kó lọ.

Níjọ́ ₦150,000

Òṣogbo, Abẹ́òkúta àti Èrin-Ìjẹ̀ṣà ni gbogbo ènìyàn máa dárúkọ fún yín. Fún ìdílé yín, Òṣogbo ló yẹ. Omi Èrin-Ìjẹ̀ṣà tó ń ti orí òkè dà wálẹ̀ ní ìpele méje lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn, òkúta rẹ̀ ń yọ̀, ìyá àgbà kò ní kọjá ìpele àkọ́kọ́, omi rẹ̀ á sì ti dínkù ní oṣù Kejìlá tí owó yín máa tó. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ọmọ ọdún 4 á fi pé 8.

Ìṣirò Òṣogbo: ọkọ̀ ₦75,000, ìwọlé àti afinimọ̀nà ₦20,000, oúnjẹ ₦25,000, ọjà ₦15,000, àjẹṣẹ́kù ₦15,000. Sienna kan ló máa gbà yín pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Kí ẹ tó gbà, ẹ bá dírẹ́bà sọ ọ́ yékéyéké: aago tí ẹ máa padà, ẹni tó ra epo, bóyá dídúró rẹ̀ wà nínú owó náà. Ìdajì owó láàárọ̀, ìdajì nígbà tí ẹ bá padà dé Akọ́bọ̀. Ẹ wo táyà rẹ̀, kí ẹ sì ka bẹ́líìtì ìjókòó kó pé ẹni tó máa jókòó. Tí wọ́n bá pè é kọjá ₦80,000, ẹ lọ wọ ọkọ̀ èrò ní Ìwó Road, ẹ máa rí owó tó pọ̀ kó sílẹ̀ fún ọjà.

Igbó Òṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Nínú rẹ̀ ni ère ńláńlá tí Susanne Wenger, ọmọ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà. Òṣogbo ló gbé títí ó fi kú ní 2009. Ẹ gba afinimọ̀nà, kí ẹ sì fẹnu kò lórí owó rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, torí láìsí i, òkúta àti sìmẹ́ńtì lásán làwọn ọmọ máa rí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba owó lórí kámẹ́rà. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ gbóyà. Ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọn kì í pẹja, wọn kì í sì í ṣọdẹ nínú igbó náà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan bu omi odò náà mu, ẹnikẹ́ni tó wù kó sọ pé ó dára: ìwakùsà wúrà lókè odò ti bà á jẹ́. Ọdún Òṣun ní oṣù Kẹjọ dùn fún ẹni tó bá lè dúró nínú èrò. Kì í ṣe ti ọmọ kékeré.

Bí àwọn ọmọ bá fi dandan lé rélùwéè, Abẹ́òkúta nìyẹn. Láti Mọ́níyà, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ṣíṣí rẹ̀ ní 2021 máa gbé yín dé ibùdó Láàdẹ̀rìn ní nǹkan bí wákàtí kan. Ohun tó ń mú ni níbẹ̀ ni ìpadàbọ̀. Ọkọ̀ kò pọ̀ lójúmọ́, nítorí náà ẹ wo ti ìpadàbọ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ. Tí kò bá bá yín mu, ẹ fi rélùwéè lọ, kí ẹ wọ mọ́tò bọ̀. Láàdẹ̀rìn kò sí láàárín ìlú, Mọ́níyà náà kò sì sún mọ́ Akọ́bọ̀, ẹ ka owó méjèèjì mọ́ ọn. Àpáta Olúmọ ní ẹ̀rọ agbéniròkè láti 2006, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, nítorí ìyá àgbà.

Ìtokú, ọjà àdìrẹ, wà nítòsí Olúmọ. Oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko so, ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ kọ iṣẹ́ sí lára, èyí tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe ló pọ̀ jù báyìí. Ẹ mú ańkáṣíìfù funfun tó lómi, ẹ nù ún mọ́ aṣọ náà lẹ́yìn. Tí aró bá yọ díẹ̀, kò burú. Tó bá kun ańkáṣíìfù náà dúdú, ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ iléèwé ọmọ.

Bí òjò bá ba ètò jẹ́ lọ́jọ́ ₦10,000 tàbí ₦40,000, Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Alẹ́ṣinlóyè, abẹ́ òrùlé ni. Ẹ pè wọ́n láti mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣí lọ́jọ́ Sátidé. Níbi yòówù tí ẹ bá lọ, ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá ọmọ ọdún 4 kí ẹ tó jáde.